Ẹ Jẹ́ Ká Kọ́kọ́ Lé Akátá Jìnnà: Ọlátúnjí, Santana àti Orin Tí A Kò Mọ̀ Ní Tiwa

Nígbàkígbà tí orin òkèèrè kan bá dún, tí etí wa sì gbọ́ ìlù Yorùbá nínú rẹ̀, igbe kan náà ni a máa ń ta: "Àwọn òyìnbó tún ti jí i!" Igbe náà dùn ún ta. Kò náni ní kọ́bọ̀, kò béèrè iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ ẹni, ó sì ń jẹ́ kí ẹni tó ta á dà bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ láìṣẹ̀ láìrò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi ẹni tó ń pariwo náà pé ta ni wọ́n jí orin ọ̀hún lọ́wọ́ rẹ̀, ìlú wo ni wọ́n ti bí i, ọdún wo ló kọ orin náà, ẹ ó rí i pé ẹnu rẹ̀ yóò wọhò.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú. Nínú ọ̀rọ̀ orin wa tó wà lọ́wọ́ àjòjì, olè wà lóòótọ́, n ó sì dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n onílé tó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, tó wá ń sùn hanrun, òun náà ní ẹjọ́ láti jẹ́. Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, ká tó padà wá bá adìẹ wí. Bí wọ́n ṣe tò ó gan-an ni n ó ṣe tẹ̀ lé e.

Orin náà àti ẹni tó ni ín

Ní oṣù Kẹjọ 1969, àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà tí iye wọn tó 400,000 péjọ sí oko kan ní Bethel, ní ìpínlẹ̀ New York, fún àjọ̀dún orin tí gbogbo ayé mọ̀ sí Woodstock. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù náà, ẹgbẹ́ olórin kan tí kò tíì gbé àwo kankan jáde gun orí ìtàgé. Santana ni orúkọ wọn. Kí oṣù náà tó parí ni àwo wọn àkọ́kọ́ bọ́ sọ́jà. Orin tí wọ́n sì kọ́kọ́ mú nínú rẹ̀ láti tà lọ́tọ̀ ni "Jingo", tó dé ipò kẹrìndínlọ́gọ́ta lórí àtẹ Billboard.

Ẹni tó bá gbọ́ "Jingo" yóò gbọ́ gìtá Carlos Santana, ọmọ bíbí ilẹ̀ Mẹ́síkò. Yóò gbọ́ dùùrù Gregg Rolie. Ṣùgbọ́n kí gìtá náà tó ké, ìlù ni yóò kọ́kọ́ wọlé sí i létí. Ohùn kan yóò pè, àwọn yòókù yóò gbè é, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe lágbo ijó láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè tí wọ́n sì ń gbè náà kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èdè àwọn ará Sípéènì.

"Jin-Go-Lo-Ba" ni orúkọ tí orin náà ń jẹ́ kí wọ́n tó gé e kúrú. Inú àwo *Drums of Passion* ló ti wá, èyí tí Bàbátúndé Ọlátúnjí ṣe fún ilé-iṣẹ́ Columbia, tó sì jáde ní 1960, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira.

Ta ni Ọlátúnjí? Ajídò, lẹ́bàá Àgbádárìgì, ní ìpínlẹ̀ Èkó wa yìí, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ keje oṣù Kẹrin 1927. Bàbá rẹ̀ ti papòdà kí ìyá rẹ̀ tó bí i, ìyẹn ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Bàbátúndé. Ìlú àwọn Ògù ni Ajídò, èdè Ògù àti èdè Yorùbá ni ọmọ náà sì gbọ́ dàgbà. Ní 1950, ó rí owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ gbà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ Rotary, ó sì wọkọ̀ òkun lọ sí Morehouse ní Atlanta, ilé-ẹ̀kọ́ tí Martin Luther King ti jáde ní 1948. Kì í ṣe ìlù ló bá lọ. Aṣojú orílẹ̀-èdè nílẹ̀ òkèèrè ló fẹ́ dà. Nígbà tó parí ní Morehouse, New York ló kọjá sí láti kọ́ nípa ìṣàkóso ìlú.

Àìmọ̀kan tó bá lọ́hùn-ún ló gbé ìlù lé e lọ́wọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, dúdú àti funfun, mọ̀ nípa Áfíríkà kò ju ti inú fíìmù Tarzan lọ. Ọlátúnjí rí i pé àlàyé ẹnu kò tó. Ó kó àwọn ènìyàn jọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìlù fún wọn, ó ń kọ́ wọn lórin, ó sì ń fi owó tó ń ti ibẹ̀ wọlé gbọ́ bùkátà bó ṣe ń kàwé lọ. Ní 1958, ó ṣeré ní Radio City Music Hall. Ibẹ̀ ni Columbia ti rí i.

Ẹ fi etí sí ohun tó kàn yìí, nítorí mo máa padà sí i. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó lu ìlù àti àwọn obìnrin tó gbè é nínú *Drums of Passion* jẹ́ ènìyàn dúdú tí Amẹ́ríkà bí, tí kò sí ẹnì kankan nílé wọn tó sọ Yorùbá sí wọn rí. Ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi kọ́ èdè wa. Wọ́n pa á mọ́nú, wọ́n sì kọ ọ́ tí ayé fi gbọ́. Ọmọ ẹrú ọjọ́ kìíní jókòó ti ọmọ Ajídò, ó ní kó kọ́ òun ní ohun tí wọ́n gbà lẹ́nu baba ńlá òun.

Àwo náà ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ aṣojú ìjọba kò lè ṣe. John Coltrane, àgbà afunfèrè jáàsì, pe orin kan ní "Tunji" ní 1962 láti fi yẹ́ ẹ sí. Nígbà tí Ọlátúnjí dá ilé àṣà Áfíríkà sílẹ̀ ní òpópónà kárùn-ún-lé-lọ́gọ́fà ní Harlem, Coltrane yìí náà ló wá ṣeré níbẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹrin 1967. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ tí Coltrane fi kú. Bob Dylan dárúkọ Ọlátúnjí nínú orin. Mickey Hart, onílù ẹgbẹ́ Grateful Dead, sọ ọ́ di olùkọ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì wà lára àwọn tó ṣe àwo *Planet Drum* tó gba àmì-ẹ̀yẹ Grammy. Ilé ìkàwé àpapọ̀ Amẹ́ríkà kọ *Drums of Passion* mọ́ àwọn àwo tí orílẹ̀-èdè náà kò gbọdọ̀ jẹ́ kó parun. Ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹrin 2003 ni Ọlátúnjí kú ní Califọ́níà. Ó ku ọ̀la kó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin.

Akátá

Ọ̀rọ̀ dé orí olè wàyí. Ẹni tí mo fẹ́ dárúkọ kì í ṣe Santana. Serge Gainsbourg ni, gbajúgbajà olórin ilẹ̀ Faransé. Ní 1964, ọdún márùn-ún ṣáájú Santana, ó gbé àwo kan jáde tó pè ní *Gainsbourg Percussions*. Orin mẹ́ta nínú rẹ̀ ló jẹ́ pé inú *Drums of Passion* ló ti kó wọn. Ó mú "Akiwowo", ó sọ ọ́ di "New York U.S.A." Ó mú "Kiyakiya", ó pè é ní "Joanna". "Jin-Go-Lo-Ba" yìí náà ló yí padà sí "Marabout". Kò tán síbẹ̀, ó tún ki ọwọ́ bọ orin Miriam Makeba, ọmọ Gúúsù Áfíríkà. Nígbà tí àwo náà jáde, orúkọ Gainsbourg ni wọ́n kọ sí àwọn orin wọ̀nyí pé òun ló ni wọ́n. Wọn kò dárúkọ Ọlátúnjí. Àwọn àgbà máa ń béèrè pé ẹni tó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? Gainsbourg rí ibi tí yóò ti fọn tirẹ̀. Ní Paris ni, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ orúkọ lásán ni, kó bi àwọn ọmọ Solomon Linda léèrè. Ní 1939 ni ọmọ Zulu yìí kọ orin "Mbube" sínú àwo ní Johannesburg. Orin náà wọ Amẹ́ríkà, ó pààrọ̀ orúkọ, ó di "Wimoweh", ó tún di "The Lion Sleeps Tonight". Nígbà tó yá, wọ́n lò ó nínú *The Lion King*. Ọwọ́ òfo ni Linda fi kú ní 1962. Ìgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ ni wọ́n tó rí àdéhùn gidi gbà, ní 2006. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ti kọjá lẹ́yìn ikú baba wọn.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò bi mí pé, kí ló yọ Santana sílẹ̀? Ẹ jẹ́ ká ṣe ìdájọ́ òdodo. Orin yíyá kì í ṣe olè. Bí ó bá jẹ́ olè ni, kò sí olórin Yorùbá kan tí kò yẹ kó wà lẹ́wọ̀n. Ta ló fún wa ní gìtá tí a fi ń ta jùjú? Níbo ni I. K. Dairo ti rí àkọ́díọ̀nù? Ẹni tó bá mọ orin Fẹlá mọ̀ pé ìró àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà wà nínú rẹ̀, Fẹlá kò sì fi pamọ́. Ọlátúnjí pàápàá, nínú agbada tí gbogbo wa jọ ń bù jẹ ló ti bu tirẹ̀: ìlù tí kò ní olúwa kan, orin ọdún, orúkọ Ṣàngó àti Ọya. Ohun tó ya Ọlátúnjí sọ́tọ̀ ni pé ó dúró lẹ́yìn ohun tó bù. Ó sọ ibi tó ti wá, ó fi orúkọ ara rẹ̀ jẹ́rìí sí i, ó sì kọ́ ẹni tó bá fẹ́ kọ́.

Santana kò pààrọ̀ orúkọ orin náà ju pé ó gé e kúrú lọ. Kò bo ohùn ìlù mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sí Joanna kan dípò ọ̀rọ̀ tó bá nínú rẹ̀. Lónìí, orúkọ Ọlátúnjí ló wà lára "Jingo" pé òun ló ni ín. Nígbà tí Candido tún un ṣe ní 1979 fún àwọn oníjó disco, tí Fatboy Slim sì tún un gbé jáde ní 2004, ẹni tó bá wádìí yóò bá ọmọ Ajídò nídìí rẹ̀. Àlà tó wà láàárín ẹni tó yá nǹkan àti ẹni tó jí i nìyẹn: ẹni tó yá a kì í pa orúkọ onínǹkan rẹ́.

Mo ti lé akátá. Ó ku adìẹ.

Adìẹ

Mágódò ni mò ń gbé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kósọ̀fẹ́. Ládùúgbò wa, kì í ṣe ohun ìyàlẹ́nu kí olùkọ́ dùùrù òyìnbó máa wá sílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti kọ́ ọmọ ọdún méje. Mi ò lòdì sí i, dùùrù dára. Ṣùgbọ́n ẹ wá olùkọ́ ìyá-ìlù kan fún mi láàárín ẹnubodè kan sí èkejì. Ọmọ tó mọ orúkọ Mozart kò mọ orúkọ Ọlátúnjí, bẹ́ẹ̀ ibi tí wọ́n bí Ọlátúnjí sí kò kúrò nínú ìpínlẹ̀ tí a jọ ń gbé. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan wà tí kò jìnnà sí wa. Níbẹ̀, ọmọ tó bá la ẹnu sọ Yorùbá yóò san owó ìtanràn. Àwọn òbí ló sì ń fi owó náà sínú àpò ọmọ láàárọ̀, tìdùnnú tìdùnnú.

Ẹ kọjá sí òdìkejì òpópónà márosẹ̀, ẹ dé Kétu, ẹ dé ọjà Máìlì 12. Ọmọ alátà tó ń ba ìyá rẹ̀ ka owó lórí igbá ń ṣírò ní Yorùbá láìkọsẹ̀. Ó lè pa òwe, ó sì lè dá oníbàárà lóhùn pẹ̀lú àpárá. Òun là ń pè ní ọmọ tálákà. Ọmọ tiwa tí kò lè kí ìyá rẹ̀ àgbà láìsí ògbufọ̀ là ń pè ní ọ̀làjú. Bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni ayé ń bá a pè é. A ti pe igbá tiwa ní àkúfọ́ látọjọ́ tó pẹ́, kí ló wá ń bí wa nínú nígbà tí àlejò gbé e lọ, tó dí i, tó sì ń fi í bu omi tútù mu?

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òfin ni kò sí. Ní oṣù Kejì 2018, gómìnà Akínwùnmí Àmbọ̀dé fọwọ́ sí òfin ìpínlẹ̀ Èkó tó sọ kíkọ́ èdè Yorùbá di dandan ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, ti ìjọba àti ti aládàáni. Ìyà sì wà nínú òfin náà fún ilé-ẹ̀kọ́ tó bá tàpá sí i. Nínú ìlú tó ní òfin yìí ni ilé-ẹ̀kọ́ ti ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ nítorí pé ó sọ èdè tí òfin ní kí wọ́n kọ́ ọ. Ta ló yẹ kó san owó ìtanràn níbẹ̀?

Èyí tó tún wá burú jù ni ti Àbújá. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù Kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Túnjí Aláusá, kéde pé àwọn ti pa ìlànà náà rẹ́, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìdí tó wí ni pé àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò níbi tí wọ́n ti lo èdè abínibí.

Mo bọ̀wọ̀ fún ipò mínísítà, ṣùgbọ́n mi ò gba àwíjàre yìí wọlé. Ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín ni wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣèjọba lónìí tó wọ iléèwé. Ní 1970, ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní iléèwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Ìṣirò ni o, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni o, ẹ̀kọ́ àwùjọ ni o, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo rẹ̀. Wọ́n wá fi olùkọ́ tó mọṣẹ́ kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ èsì wò, àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kàwé kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, tó fi mọ́ inú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Fáfúnwá padà di mínísítà ètò ẹ̀kọ́, lórí irú àga tí Aláusá jókòó sí lónìí. Bí ọmọ bá fìdí rẹmi nínú kíláàsì tí kò sí ìwé, tí kò sí olùkọ́, tí òjò ń ro sínú rẹ̀, ṣé èdè ìyá rẹ̀ ló jẹ̀bi?

Ìlù kì í bọ́ ọmọ, àbí?

Mo ti ń gbọ́ èsì àwọn kan: "Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ìlù kò lè bọ́ ọmọ. Ayé kọ̀ǹpútà la wà." Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ gbọ́ ìtàn Solomon Linda tí mo sọ? Owó ni wọ́n ń jà lé lórí níbẹ̀, owó ńlá. Àwọn tó ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ló ń jẹ ẹ́, ẹni tó kọ orin kú sínú ìṣẹ́. Lábẹ́ òfin tó ń dáàbò bo iṣẹ́ ọpọlọ ní Nàìjíríà, èyí tí a tún ṣe ní 2022, ẹ̀tọ́ lórí orin kò ní tán títí di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tí ẹni tó ni ín bá kú. Èyí fi hàn pé níbí, orin Ọlátúnjí ṣì ní olówó títí di òpin 2073. Ọmọ tí a bí lónìí yóò ti súnmọ́ àádọ́ta ọdún nígbà náà.

Ta ni yóò máa ṣọ́ irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀? Ọmọ tí kò gbédè kò lè dá orin baba rẹ̀ mọ̀ nígbà tí wọ́n bá pa á láró ní Paris. Nígbà tí "Akiwowo" di "New York U.S.A.", ẹni tó gbọ́ Yorùbá nìkan ló lè nàka sí i pé, "Ẹ dákun, mo mọ orin yìí nílé." Bí a bá ti pa irú ẹni bẹ́ẹ̀ run nínú ilé wa fúnra wa, Gainsbourg tó ń bọ̀ kò ní nílò àtifi òru bojú. Ọ̀sán gangan ni yóò wá, àwọn ọmọ wa ni yóò sì bá a gbé ẹrù jáde.

Ohun tí mò ń béèrè kò le. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbé òfin 2018 kúrò nínú àpótí, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olówó gọbọi, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rú u jù. Kí ilé-iṣẹ́ rédíò tó bá fi "Jingo" sí afẹ́fẹ́ dárúkọ Ọlátúnjí àti Ajídò mọ́ ọn. Iṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni yóò gbà. Kí ẹ̀yin olórin wa ìwòyí, tí ayé ń jó orin yín láti London dé Atlanta, fi orúkọ iṣẹ́ yín sílẹ̀ lábẹ́ òfin kí ẹ tó bu ọwọ́ lùwé fún ẹnikẹ́ni. Kí mínísítà Aláusá ránṣẹ́ sí Ilé-Ifẹ̀, kó lọ ka àkọsílẹ̀ Fáfúnwá.

Ẹ̀yin òbí tí a jọ wà ní Mágódò ni mo fi ọ̀rọ̀ tó kù bá wí. Ní 1959, àwọn obìnrin Amẹ́ríkà tí wọ́n ti já èdè gbà lẹ́nu àwọn baba ńlá wọn jókòó, wọ́n fi ẹnu ara wọn kọ́ Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, kí wọ́n tó lè gbè orin ọmọ Ajídò. Kò sí ẹni tó já a gbà lẹ́nu tiwa. Àwa la ń fi owó lé ọmọ lọ́wọ́ láàárọ̀ kó lọ san ìtanràn rẹ̀. Láti ọ̀la lọ, ẹ má fún un lówó náà mọ́. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá béèrè, ẹ ní kí wọ́n wá gbà á lọ́wọ́ yín, kí wọ́n sì mú ìwé òfin 2018 dání.